Ìbéèrè Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn: Bí Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì Ṣe Ń Bá Iṣẹ́ Rẹ̀ Lọ

Ìwé àṣẹ tí nọ́ọ̀sì ń gbà lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá kò jẹ́rìí sí ju ohun kan lọ: pé lọ́jọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, ìmọ̀ rẹ̀ tó láti tọ́jú aláìsàn láì pa á lára. Kò sọ ohunkóhun nípa ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tó gbà á ní ọmọ ọdún méjìlélógún lè lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín àkókò yẹn, oògùn tí wọ́n fi kọ́ ọ lè di àpatì, ẹ̀rọ tí kò sí nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ sì lè di ohun tí yóò máa fọwọ́ kàn láràárọ̀. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kíkọ́ jẹ́ ara iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gan-an, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ gígún àti egbò wíwẹ̀ ti jẹ́ ara rẹ̀.

A lè fi nọ́ọ̀sì tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ní 1990 ṣe àpẹẹrẹ. Chloroquine ni wọ́n kọ́ ọ pé kó fún ẹni tí ibà ń ṣe, kó sì kìlọ̀ fún un nípa ara yíyún tó máa ń tẹ̀ lé e. Ní 2005, Nàìjíríà yí ìlànà náà padà nítorí pé kòkòrò ibà kò ka chloroquine sí mọ́. Àpapọ̀ oògùn tó ní èròjà artemisinin nínú ló bọ́ sípò rẹ̀. Bí ibà bá le, quinine inú dírípù ni nọ́ọ̀sì yìí mọ̀. Ó mọ̀ pé dírípù náà kò gbọdọ̀ sáré, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè já wálẹ̀, pé etí aláìsàn lè máa dún. Ní 2011, lẹ́yìn ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí abẹ́rẹ́ artesunate rọ́pò quinine fún àwọn ọmọdé, nítorí pé ẹ̀mí tó ń gbà là pọ̀ ju ti quinine lọ. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ORS tí iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀ ti dín kù ni wọ́n ń fún un báyìí, pẹ̀lú hóró zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n ń fi sípírítì nù tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi gẹ́ẹ̀lì chlorhexidine pa, nọ́ọ̀sì sì tún gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe bá ìyá àgbà tó fẹ́ fi omi gbígbóná àti róòbù jó o sọ̀rọ̀ láì bà á nínú jẹ́. Kò sí ọ̀kankan nínú ìyípadà wọ̀nyí nínú ìwé tó kà fún ìdánwò.

Irú ìmọ̀ báyìí ń ti òde wá. Àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí, ìjọba tẹ ìlànà jáde, wọ́n pe nọ́ọ̀sì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó lọ, ó gbọ́. Irú kejì ń ti wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ jáde: ẹnì kan rí ohun tí kò bá ohun tó mọ̀ mu, kò sì gbójú kúrò. Èyí kejì ṣọ̀wọ́n, kò sì sí ìjọba tó lè pàṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń mú kí ti àkọ́kọ́ wọ ẹni létí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1956, yẹ kó wà nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Sístà Jean Ward ló ń ṣàbójútó wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn sàn fún ọmọ ju ooru inú yàrá tó sé pa lọ, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá ti dára, yóò ní kí wọ́n gbé àwọn ọmọ náà jáde sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kan tí àwọn dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, ó tú aṣọ lára ọmọ kan tí ibà pọ́njú ń ṣe, ìyẹn jọ́ńdíìsì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá. Ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibì kan tó ní igun mẹ́ta tó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Dókítà bi í bóyá oògùn ló fi kùn ún níbẹ̀. Ó ní rárá, oòrùn ló ṣe é: ibi tí igun aṣọ ìtẹ́sùn bò mọ́lẹ̀ nìkan ni kò yí padà.

Wọn kò kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tó ní irú àìsàn yìí sójú fèrèsé, oòrùn sì pa á fún wákàtí bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n wọn bilirubin inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ojú àti awọ ara pọ́n, iye tó jáde kéré jìnnà sí èyí tí wọ́n ń retí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára ọmọ náà, iye tirẹ̀ ṣì ga. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ sístà àti ọ̀rọ̀ ìgò ẹ̀jẹ̀ pàdé. Dókítà Cremer, ọ̀kan lára àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìmọ́lẹ̀ wò lára àwọn ọmọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1958. Orúkọ Sístà Ward kò sí lára àwọn tó kọ ọ́. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbó bá fọ́ nínú ara, bilirubin ló ń kù. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́ di ohun tí ara lè yà dànù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó, pàápàá bí oṣù rẹ̀ kò bá pé. Bí bilirubin bá pọ̀ lápọ̀jù, ó lè wọnú ọpọlọ, ó sì lè sọ ọmọ di adití tàbí kó ba ìrìn àti ìdúró rẹ̀ jẹ́ títí láé. Ìmọ́lẹ̀, àgàgà èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ń yí èròjà náà padà sí irú èyí tó lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde láì dúró de kí ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Essex. Ní Nàìjíríà, ibà pọ́njú ọmọ tuntun wọ́pọ̀, iná mànàmáná sì ń lọ nígbà tí ọmọ bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ kan padà sídìí oòrùn: wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n sì fi ike pàtàkì bò ó, èyí tó ń sẹ́ ìtànṣán tó lè jó awọ ara kúrò, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kọjá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Èkó, tó jáde ní 2015, fi hàn pé irú oòrùn tí a sẹ́ báyìí kò rẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. (Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí ìyá máa tẹ́ ọmọ sílẹ̀ níhòòhò nínú oòrùn òwúrọ̀, oòrùn tí a kò sẹ́ lè jó ọmọ, ó sì lè gbẹ omi ara rẹ̀.) Nọ́ọ̀sì tó bá mọ gbogbo ìtàn yìí kò ní dúró lórí ẹ̀rọ nìkan. Yóò wo ẹyinjú àti èrìgì ọmọ, nítorí pé awọ dúdú lè fi àwọ̀ ìyeyè pamọ́. Yóò sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ohun tó fi sínú àpótí aṣọ ọmọ, torí pé kàfúrà tí ọ̀pọ̀ ń kó sínú aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá. Bí wọ́n bá tọ́jú ọmọ náà tán, tí ìyá rẹ̀ sì fi aṣọ kan náà wọ̀ ọ́ relé, àìsàn yẹn á padà.

Wíwo ohun tó yàtọ̀ ni ti Sístà Ward. Èyí tó tún ṣòro jù ni kí ènìyàn wo ohun tí gbogbo ayé ń ṣe lójoojúmọ́, kó sì béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa yọ lára aláìsàn tí kò lè dìde ni pé wọ́n ń fi ọṣẹ, sípírítì àti páúdà ra ìdí, gìgísẹ̀ àti èjìká rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ń ṣe é ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ń bá ẹni tí kò ṣe é wí. Doreen Norton, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìwúwo tí ara ń fi tẹ ibùsùn ló ń dá egbò náà sílẹ̀. Yíyí aláìsàn padà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ló ń dènà rẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n fi pa á.

Norton ṣe òṣùwọ̀n kan láti fi mọ ẹni tó wà nínú ewu. Ohun márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń wò: bí ara aláìsàn ṣe le tó, bí iyè rẹ̀ ṣe jí tó, bóyá ó ń rìn, bóyá ó lè yí ara rẹ̀ padà, àti bóyá ó ń tọ̀ tàbí ń yàgbẹ́ sára. Máàkì kan sí mẹ́rin ni fún ìkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 20. Ẹni tó bá gba 14 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nílò àmójútó gidi. Àwọn ilé ìwòsàn kan ṣì ń lo òṣùwọ̀n náà títí dòní. Síbẹ̀, kò ṣòro láti rí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fi sípírítì ra ìdí aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1962, nítorí pé àṣà tí ọwọ́ ti mọ́ kì í tètè kú.

Ìrírí nìkan kò tó láti fọ irú àṣà bẹ́ẹ̀. Patricia Benner, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde ní 1984 lórí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ti ipò akẹ́kọ̀ọ́ dé ipò ọ̀gá. Ìpele márùn-ún ló là sílẹ̀, tó yá lára iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Dreyfus, tí wọ́n ti wádìí bí àwọn awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń ta ayò chess ṣe ń gbọ́n sí i. Ẹni tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé òfin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: bí ìwọ̀n ìgbóná ara bá kọjá iye báyìí, ṣe báyìí. Ẹni tó ti dé ìpele karùn-ún lè wọ wọ́ọ̀dù, kó wo aláìsàn kan láti ẹnu ọ̀nà, kó sì mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀, kó tó di pé ẹ̀rọ kankan dún. Benner kò sọ pé ọdún ni ó ń gbé ènìyàn láti ìpele kan dé èkejì. Ẹni tí ohun tó rí bá yí èrò rẹ̀ padà ló ní ìrírí. Ẹni tó kàn wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ kò tíì ní in.

Ìpele náà sì so mọ́ ibi tí ènìyàn wà. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù ìbímọ ní Ìbàdàn lè dé Manchester kó tún di akẹ́kọ̀ọ́: inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, mọ̀lẹ́bí kì í sùn ti aláìsàn láti wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì fún un lóúnjẹ, wọ́n sì lè bá aláìsàn jíròrò ní gbangba nípa bó ṣe fẹ́ kí ikú òun rí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé nílé kò ní fẹ́ gbọ́ létí. Èyí ń dun àwọn tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún gan-an. Àwọn tó tètè jáde nínú rẹ̀ ni àwọn tí kò tijú láti béèrè.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, níbi tí kò sí ẹni tó pè é ní kíláàsì. Ìgbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn tó wọlé láàárọ̀ lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì. Wọ́n lè kàn ka ìwé àkọsílẹ̀ jáde pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aboyún tó wà lórí ibùsùn karùn-ún jẹ́ 150/100, kí wọ́n sì bọ́ sórí ibùsùn kẹfà. Ẹnì kan sì lè dúró níbẹ̀ béèrè: èló ni lánàá? Ṣé orí ń fọ́ ọ? Ṣé ojú rẹ̀ ń ṣú? Ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá èròjà protein wà nínú rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́rin yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, òun ló sì ń ya ìfúnpá gíga lásán sọ́tọ̀ kúrò lára gìrì aboyún tó ń bọ̀ lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sẹ́yìn, tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà kẹrin.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀: kí wọ́n tó fún aláìsàn ọkàn ní digoxin, kí wọ́n ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, bí kò bá tó 60 fún àgbàlagbà, kí wọ́n dá oògùn náà dúró, kí wọ́n sì sọ fún dókítà. Ẹni tó mọ òfin náà yóò pa á mọ́. Ẹni tó béèrè ìdí yóò mọ̀ pé digoxin ń fa ìlù ọkàn sẹ́yìn, yóò tún mọ̀ pé oògùn tó ń mú kí aláìsàn náà tọ̀ dáadáa, furosemide, ń kó potassium jáde kúrò nínú ara, àti pé bí potassium bá ti lọ sílẹ̀, digoxin díẹ̀ lè di májèlé. Nítorí náà, bí aláìsàn bá ní èébì ń gbé òun, pé ohun gbogbo ń rí bí ìyeyè lójú òun, kò ní rò pé oúnjẹ ilé ìwòsàn ni kò bá a lára mu.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tí a kì í kà sí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tó ti ń wọ ilé ìwòsàn láti kékeré, mọ ibi tí ìrora rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ó mọ oògùn tó ń ràn án lọ́wọ́ àti èyí tí kì í ṣiṣẹ́, ó sì mọ apá tí iṣan rẹ̀ ṣì dára fún dírípù. Nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ bi í léèrè yóò gún un lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó rò pé òun mọ̀ ọ́n lè gún un lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ohun mìíràn tó ń ran ẹ̀kọ́ wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ni ìwé kékeré tí nọ́ọ̀sì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí: ohun tó rí, ohun tó ṣe, ohun tó rò nígbà náà, ohun tí yóò ṣe bí ó bá tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń sá fún un nítorí pé iṣẹ́ kíkọ ti pọ̀ jù fún wọn tẹ́lẹ̀, èyí kò sì jẹ́ ẹ̀sùn. Àmọ́ ohun tí a kò kọ sílẹ̀ máa ń yí padà nínú ìrántí, ó sì máa ń yí sí apá ibi tó dára fún ẹni tó ń rántí.

Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tí ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ là sílẹ̀ wà. Ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé àṣẹ lè lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, tàbí kó lọ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí ìtọ́jú ojú, egungun, ọmọdé, àrùn ọpọlọ, yàrá iṣẹ́ abẹ tàbí ẹ̀ka pàjáwìrì. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965, àwọn yunifásítì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Èyí tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, NOUN, jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè gba oyè láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àpàpàǹdodo sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Ìgbésí ayé Kofoworola Abẹ́ní Pratt fi hàn bí ọ̀nà náà ṣe lè gùn tó. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1915. Ó wù ú láti di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti lọ́kọ, kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860 ní ilé ìwòsàn St Thomas ní London. 1946 ni ọdún náà. Lẹ́yìn tó yege, kò dúró: ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, ó kọ́ nípa àrùn ilẹ̀ olóoru, ó kọ́ nípa àbójútó wọ́ọ̀dù. Ó padà wálé ní 1954, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ̀nù níbẹ̀. Ní 1965 ó di olórí nọ́ọ̀sì fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì wà lára àwọn tó tì í kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ yunifásítì. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá ní 1973.

Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì Yorùbá wà báyìí, ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016. Láàárín ọdún mẹ́ta, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 450 ó kéré tán, pé òun ti kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí 35, tí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó bá àwọn mìíràn kọ́, pé ènìyàn márùn-ún tàbí ìgbà márùn-ún ni wọ́n ti sọ èrò wọn nípa iṣẹ́ òun, kó sì kọ àròjinlẹ̀ márùn-ún lórí iṣẹ́ náà, kó bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò lórí wọn. Ní Kalifóníà, wákàtí 30 ni wọ́n ń béèrè ní ọdún méjì-méjì. Apá tó dára jù nínú ìlànà Bìrìtìkó ni àròjinlẹ̀ àti ìjíròrò yẹn, torí pé wákàtí rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti fi jókòó lásán. Gbogbo ẹni tó ti lọ sí sẹ́mínà mọ àwọn tó ń fọwọ́ síwèé láàárọ̀, tí wọ́n ń padà wá gba sátífíkéètì àti oúnjẹ ọ̀sán.

Ohun tó ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan lè máa dá wọ́ọ̀dù odidi ṣọ́ ní òru. Kò sí ẹni tó lè máa ka ìwé nínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lápò ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Àwọn tó ti dé ìpele karùn-ún Benner ń jápa, àwọn tó kù kò sì rí ẹni wò kọ́ṣẹ́.

Èyí tó le jù kò gba owó, ó sì wà lára ìwà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìbéèrè láti ẹnu ọmọdé ń dún bí àfojúdi. Nọ́ọ̀sì tuntun tó bá bi mátírọ̀nù pé kí ló dé tí a ṣì ń ṣe é báyìí lè gbọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òótọ́ ni òwe náà, ó sì ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kan náà ló ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà wà tí ọmọdé lè gbé ìbéèrè gbà tí kò ní já ọ̀wọ̀ kulẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i pé ẹ kò fún bàbá yìí ní oògùn wọn láàárọ̀, ẹ bá mi la ìdí rẹ̀ kí n lè mọ̀ ọ́n." Bí mátírọ̀nù bá ní ìdí, ó ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá gbàgbé ni, ọmọ ti gbà á là láìfi ojú rẹ̀ gbolẹ̀. Ìyókù kù sọ́wọ́ àgbà: bó ṣe dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò sọ bóyá èkejì yóò wá.

Ìbẹ̀rù ìbáwí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi lẹ́yìn àṣìṣe, àṣìṣe kì í jáde, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ náà kì í sì í jáde. Òdìkejì rẹ̀ ṣeé ṣe. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, tó mú ogún ènìyàn ní Nàìjíríà tó sì pa mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tó kú. Ohun kan tí wọ́n tẹnu mọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni bíbọ́ aṣọ ààbò: ìgbà tí à ń bọ́ ọ ni àrùn máa ń ranni jù, nítorí náà ẹnì kejì gbọ́dọ̀ dúró tì ọ́, kó máa wo ọwọ́ rẹ, kó sì dá ọ dúró bí o bá fẹ́ ṣì í. Ẹni kejì yẹn lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń bọ́ aṣọ sì lè jẹ́ dókítà àgbà; àṣẹ ṣì wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ títí aṣọ yóò fi bọ́ tán.

Ẹ̀rí wà pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń kan ẹ̀mí aláìsàn. Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2003: bí àwọn nọ́ọ̀sì tó ní oyè yunifásítì bá fi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i nílé ìwòsàn kan, ewu ikú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ ń fi nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Irú ìwádìí báyìí kò lè fi hàn pé oyè náà nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù ní 2014.

Ìwádìí E-MOTIVE, tó jáde ní 2023, sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn obìnrin tó bímọ tí wọ́n ju 210,000 lọ. Ohun tí agbẹ̀bí ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ojú ló fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára ìyá lẹ́yìn ìbí, ojú sì máa ń dín in kù. Nínú ìwádìí yìí, wọ́n tẹ́ ike kan tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú rẹ̀, agbẹ̀bí sì ń ka iye rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ìlà, ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ra ilé ọmọ, wọ́n fún ìyá ní oògùn tó ń mú un sún kì, wọ́n fún un ní tranexamic acid àti dírípù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì pe ìrànlọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n tètè mọ ìsun ẹ̀jẹ̀ nínú ìyá 93 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣẹlẹ̀ sí. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n, 51 ni. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le, iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀ tàbí ikú láti ọwọ́ rẹ̀ fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Kò sí oògùn tuntun nínú rẹ̀. Ohun tó yí padà ni bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo ìtọ́jú wá pa pọ̀ dípò kí wọ́n máa dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ní àwọn ilé ìwòsàn náà, wọ́n yan àwọn agbẹ̀bí kan láti máa darí ìyípadà náà, wọ́n ń fi iṣẹ́ náà dánra wò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń fi iye tí wọ́n rí han àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè mọ bí àwọn ṣe ń ṣe sí. Bí wọ́n bá gbé agbẹ̀bí tó mọ̀ ọ́n lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, ẹni tó bọ́ sípò rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ike sábẹ́ ìyá àti ìlà tí wọ́n ń kà.